Moby-Dick já mi kulẹ̀
Alẹ́ àná ni mo ka Moby-Dick tán, ìwé ìtàn tí Herman Melville kọ nípa àwọn atukọ̀ tó ń lé àbùùbùtán funfun kan. Gbogbo ariwo tí wọ́n ń pa lórí ẹ̀! Orí 135 ló ní, láìka ọ̀rọ̀ ìparí, àmọ́ ó di orí 133 kí wọ́n tó fojú kan àbùùbùtán funfun tí wọ́n ń lé kiri. Orí 32 ló sú mi jù: Melville pa ìtàn tì, ó ń pín oríṣi àbùùbùtán bí ẹni ń fi ìtóbi pín ìwé, ó tún ní ẹja ni àbùùbùtán. (Ẹranko tó ń fọ́mọ lọ́yàn ni o!) Ẹ̀dà Lọ́ńdọ̀nù ti 1851 ò tiẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ìparí tó sọ bí ẹni tó ń sọ ìtàn náà ṣe yè, làwọn alámèyítọ́ bá ń béèrè pé ta ló yè tó wá ròyìn. Ẹ fo orí 32 ná, ẹ padà sí i tó bá yá. Ìwàásù Jónà ní orí 9 dùn ṣá.