Kí ẹ tó fi tapólì bo púùlù nígbà ọyẹ́

Ọyẹ́ ti dé. Ètè mi ti ń là, eruku sì ń padà sórí táìsì etí púùlù kí n tó gbá a tán. Ìgbà yìí ni àwọn onílé ìtura tí mò ń bá tọ́jú omi ní apá Mayfair àti Ọ̀nà Ìbàdàn níbí ní Ifẹ̀ máa ń sọ fún mi pé kí n ti púùlù pa títí ooru yóò fi padà. Mi ò bá wọn jiyàn. Ta ló fẹ́ bọ́ sómi láàárọ̀ ọyẹ́? Dísù tí jẹnẹrétọ̀ ń mu nítorí pọ́ǹpù kò sì kéré.

Mọ́mì tó ni ọ̀kan nínú àwọn ilé náà ní ọmọkùnrin kan ní Kánádà. Bọ̀dá fi ìlànà tí wọ́n fi ń ti púùlù níbẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: kí n kọ́kọ́ tún omi ṣe, kí n fa omi wálẹ̀, kí n fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú páìpù títí omi inú rẹ̀ yóò fi tán, kí n da oògùn tí kì í jẹ́ kí omi dì sí i, kí n wá fi tapólì bò ó. Ohun tí wọ́n kọ dára, níbi tí wọ́n wà. Omi tó bá dì máa ń wú, bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún ló fi ń pọ̀ sí i, páìpù tí omi náà bá wà nínú rẹ̀ á sì bẹ́. Ní Ifẹ̀, omi wo ló ń dì níta? Mo ní, "Ẹ ṣé, Bọ̀dá, omi tiwa ò ní dì o." Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

Àmọ́ ìlà àkọ́kọ́ nínú ìlànà yẹn, àwa gan-an ló bá wí: kí a tún omi ṣe kí a tó tì í. Lọ́dọ̀ àwọn, òtútù fúnra rẹ̀ ń bá wọn ṣọ́ omi, torí kò sí ohun tó fẹ́ hù nínú òtútù yẹn. Tiwa, òwúrọ̀ lè tutù, oòrùn ọ̀sán á ṣì mú. Bí pọ́ǹpù bá dákẹ́ tí kílórìn sì tán, kò ní pẹ́ tí omi á fi di àwọ̀ ewé, tí ògiri á máa yọ̀, tí ẹ̀fọn á sì ti yé síbẹ̀. Láti ẹyin ẹ̀fọn dé èyí tó ń fò, bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí, kílórìn la kọ́kọ́ ń gbé. Omi dàrú, a da kílórìn. Ó tún dàrú, a da álọ́ọ̀mù tó ń kó ìdọ̀tí wálẹ̀. Tí òjò bá fi máa dáwọ́ dúró, omi yẹn ò ní agbára kankan nínú mọ́. Agbára tí mò ń wí ni wọ́n kọ sára ike ìdánwò pé alkalinity. Òun ló ń di pH (òǹkà tó ń sọ bí omi ṣe kan bíi ásíìdì tó; bó bá ṣe kéré sí ni omi ṣe ń kan sí) mú, bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń di àbúrò lọ́wọ́ mú ní Ọjà Tuntun nígbà tí ọdún bá ku ọ̀la. Bó bá ti jábọ́, ohun kékeré báyìí, pH á fò sókè tàbí kó já wálẹ̀. 80 sí 120 la fẹ́ kó wà (mílígíráàmù nínú lítà omi kan ni mo fi ń ka gbogbo òǹkà tí mo bá dá níbí, yàtọ̀ sí ti pH).

Nǹkan méjì ló ń jẹ ẹ́ lọ́dọ̀ wa. Òjò ni àkọ́kọ́: omi òjò kò ní nǹkan nínú, ó ń kún púùlù, èyí tó dára á sì máa ṣàn jáde. Álọ́ọ̀mù ni èkejì. Bí ẹ bá fi 1 sí omi, ó ń gba bí ìdajì 1 lọ́wọ́ alkalinity. Púùlù Mọ́mì gùn ní mítà 10, ó fẹ̀ ní mítà 5, tí a bá sì dá ibi tó jìn àti ibi tí kò jìn pọ̀, ká pín in sí méjì, mítà 1.4 ni. Lítà 70,000 nìyẹn. Kílò méjì álọ́ọ̀mù nínú irú rẹ̀ ń jẹ bí 14. Ẹni tó bá ń dà á ní gbogbo ìgbà tí òjò bá ti rọ̀, kó ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Mi ò bá álọ́ọ̀mù jà o, iṣẹ́ rẹ̀ dáa. Ẹni tó ń dà á tí kì í wọn ohun tó kù ni mò ń bá wí.

Nígbà tí mo fẹ́ wọn omi Mọ́mì, mi ò bù ú lójú omi. Mo dojú ìgò kékeré ìdánwò dé, mo na apá wọlé dé igunpá, mo wá yí i sókè nísàlẹ̀. Alkalinity: 50. Mo kán oògùn pupa ti pH sí i, omi di àwọ̀ ìyeyè, ìyẹn ni pé ó ti wọ ìsàlẹ̀ 7. Omi tí mò ń wí yìí mọ́ gaara! Bí kọ́bọ̀ bá bọ́ sísàlẹ̀, ẹ máa rí i. Ṣùgbọ́n irú omi bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ sìmẹ́ńtì àárín táìsì, tó sì ń jẹ irin àkàbà. Ẹ fi tapólì bò ó títí ooru yóò fi dé, ẹni tó ń lẹ táìsì ló máa jèrè.

Láti gbé e láti 50 dé 100, baking soda tó máa gbà á tó kílò 6. Bẹ́ẹ̀ ni, èyí tí àwọn oníkéèkì ń lò náà ni. Ìyá tó ń ta èlò kéèkì ní Lágéré wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìgbéyàwó ta lo fẹ́ ṣe kéèkì fún?" Mo ní púùlù ni, ma. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ń wọ̀n ọ́n lọ. Mo da ìdajì rẹ̀ káàkiri apá ibi tó jìn, pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ mọ́, mo tún wọn omi kí n tó da ìyókù. pH náà bá a gòkè díẹ̀, soda ash, ìyẹ̀fun mìíràn tó ń gbé pH sókè, tí kò pọ̀ ló wá gbé e dé 7.5.

Ìdí tí mo fi máa ń yanjú pH kí n tó ṣí ike kílórìn rèé: tí pH bá wà ní bíi 7.5, nǹkan bí ìdajì kílórìn ló lè pa kòkòrò dáadáa. Tó bá dé 8, ó ku bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Owó kan náà lẹ ná.

Calcium, èròjà kan náà tó wà nínú sìmẹ́ńtì, tí omi púùlù náà gbọ́dọ̀ ní, ò fi bẹ́ẹ̀ yọ mí lẹ́nu. 200 sí 400 ni wọ́n ń fẹ́. Kílórìn lulú tí mò ń lò ní calcium nínú tirẹ̀, ọyẹ́ sì ń fa omi lọ, ó ń fi calcium sílẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni mò ń da kílórìn, torí oòrùn ń pa á láàárín wákàtí mélòó kan. Kílò kan èyí tó jẹ́ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún á gbé lítà 70,000 sókè ní 10. Omi ló ń kọ́kọ́ wọ bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí lulú tó tẹ̀ lé e. Ẹ má yí i padà. Lálẹ́ yẹn, ẹ má wulẹ̀ wọn pH. Kílórìn tó pọ̀ máa ń bó oògùn pupa náà, tàbí kó sọ ọ́ di àwọ̀ àlùkò, irọ́ ló ń pa. Ẹ má tíì bò ó náà, kílórìn tó le ń jẹ tapólì. Tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé bíi 3, ẹ bò ó.

Ẹ má fa omi jáde bíi ti Kánádà. Púùlù tó bá ṣófo, omi abẹ́ ilẹ̀ lè tì í sókè kó sán. Kí géètì ibẹ̀ sì wà ní títì, torí ọmọdé ò mọ̀ pé tapólì kò lè gba òun dúró.

Mọ́mì bínú sí mi díẹ̀: "Ṣebí o ní o ti tún un ṣe? Kí lo tún fẹ́ fi pọ́ǹpù ṣe?" Mo ní, "Ẹ má bínú, ma, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ péré ni, omi tí kò yí, kílórìn ò lè kárí rẹ̀." A wá fi í sí pé ìgbà tí NEPA bá mú iná wá ni kí n máa tàn án, kí n sì máa wọn kílórìn nígbà yẹn.

Ó ku ibi tí a ó kó kẹ́míkà sí. Inú ilé jẹnẹrétọ̀ ni mo bá ike kílórìn wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì dísù. Háà! Kílórìn lulú àti epo ò gbọdọ̀ pàdé, iná lè sọ láìsí ìṣáná. Bó bá sì kan ásíìdì, èéfín rẹ̀ lè pa ènìyàn. Mo gbé e lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó àga sí, mo gbé e lé pákó, mo dé e pa. Ásíìdì wà lọ́tọ̀ lẹ́yìn ilé. Ọwọ́ Bàbá mẹ́gáàdì ni kọ́kọ́rọ́ méjèèjì wà.

Púùlù ti Iléṣà ló kàn. Omi bóòhóò tiwọn ní irin nínú, bí ẹ bá da kílórìn sí i báyìí, á di bíi ti ìpẹtà. Ìyẹn á gba ojú ewé tirẹ̀.