Ìgbálẹ̀ Màámi lábẹ́ igi agbálùmọ̀

Bí ìyá tàbí bàbá yín bá ṣì wà láyé, tí wọ́n sì ní igi kan lẹ́yìn ilé, tàbí ewúro inú ìkòkò lásán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó tì wọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan kí ẹ máa wo ọwọ́ wọn. Ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣe é báyẹn. Èmi kò bi Màámi, ohun tó sì tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ni ilé wa wà, kò jìnnà sí ọgbà rélùwéè. Igi agbálùmọ̀ kan wà lẹ́yìnkùlé tí Màámi gbìn kí wọ́n tó bí ẹ̀gbọ́n mi. Ìdí rẹ̀ ni wọ́n ri ibi àwa ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́. Bí àlejò bá béèrè pé ọmọ ibo ni wá, Bàámi á ní Ìjẹ̀bú Igbó, ṣùgbọ́n Màámi á nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á ní, "Ibí ni wọ́n ti wá. Ibi wọn nìyẹn."

Ẹ̀lùbọ́ ni Màámi ń tà ní ọjà Òyìngbò, ó sì lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi tà á. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó jáde láàárọ̀, wọn kò jẹ́ fi ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀ láìgbá. Ẹ mọ ewé agbálùmọ̀, bí iwájú rẹ̀ ṣe ń dán tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì funfun bí fàdákà. Gbogbo èyí tó bá já sílẹ̀ mọ́jú ni wọn yóò gbá jọ, wọn kò ní sun ún, wọn kò ní kó o dànù. Ìdí igi náà ni wọ́n ń kó o lọ, wọ́n á tẹ́ ẹ yí ká, wọ́n á sì fi àyè tó tó àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ láàárín ewé àti ìtì igi. Omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì, ibẹ̀ ni wọ́n ń dà á sí. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá fẹ́ da omi ọṣẹ tàbí omi gbígbóná síbẹ̀, wọ́n á ké láti inú ilé pé, "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wà níbẹ̀ yẹn o!" Ní tèmi, mo rò pé ìmọ́tótó àgbà ni. Ìgbà mìíràn gan-an, ojú a máa tì mí bí ọ̀rẹ́ bá wá kí mi tó rí ewé gbígbẹ tí a kó jọ bí ààtàn.

A kò gbọdọ̀ fi ọ̀pá ká a. Láti oṣù Kejìlá títí di bí oṣù Kẹta, èyí tó bá fúnra rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ la ń jẹ. Màámi ní èyí tí a bá fipá ká, oje rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ètè bí àtè, á sì kan bí ọtí kíkan. Èyí tó bá bọ́ fúnra rẹ̀ ló ti ṣe tán. Òtítọ́ ni. Ẹni tó bá ti jẹ méjèèjì mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún 2018, àrùn rọpárọsẹ̀ mú Màámi ní apá ọ̀tún. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n lò lórí ibùsùn, èmi ni mo sì wà lọ́dọ̀ wọn jù. N kò ní purọ́ fún yín, ìtọ́jú aláìsàn a máa mú ènìyàn di oníbìínú. Ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu wọn mọ́, bí mo bá sì ti béèrè nǹkan lẹ́ẹ̀mẹta tí n kò gbọ́ ìdáhùn, màá kàn ṣe èyí tó bá tọ́ lójú mi. Lọ́jọ́ kan mo gbé ibùsùn wọn kúrò lójú fèrèsé nítorí ẹ̀fọn. Fún ọjọ́ méjì, Màámi kò jẹun. Mo rò pé àìsàn ló tún le sí i. Bọ̀dá mi ló dé, tó wo ibi tí ojú wọn ń lọ, tó gbé ibùsùn padà sójú fèrèsé láìsọ̀rọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n la ẹnu gba ògì. Igi yẹn ni wọ́n ń wò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ máa tẹ̀lé ojú wọn. Mo sọ èyí pẹ̀lú ìrora, nítorí ó pẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí àkókò agbálùmọ̀ bá dé, mo máa ń yọ kóró rẹ̀ sọnù, màá fún oje rẹ̀ sínú ṣíbí, màá fi kan ètè wọn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á di ojú. N kò tíì rí ohun tó dára tó ojú yẹn láti ìgbà náà.

Màámi sùn nínú oṣù Keje, ọdún 2021. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ìsìnkú, mo gba Òyìngbò kọjá. Obìnrin kan ti wà ní ìsọ̀ wọn, ó ń fi kóńgò wọn ẹ̀lùbọ́ fún oníbàárà. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo sunkún. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: ọjà Òyìngbò kò mọ̀ pé ẹnìkan kò wá. N kò bínú sí obìnrin náà. Ọjà gbọ́dọ̀ kún.

A fẹ́ ṣe ìrántí ọdún kan fún Màámi kó sì dára. Àbúrò mi tó wà ní Kánádà fi owó ránṣẹ́ pé ká tún ilé ṣe. Bọ̀dá mi fẹ́ kí a gé igi náà, nítorí àdán ń wá sórí rẹ̀ lóru, ẹnìkan sì ti sọ fún un pé ẹyẹ tó ń ná ọjà òru kì í ṣe lásán. Èso ni àdán ń wá jẹ. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì rán an létí pé ní Èkó a kì í kàn gbé àáké ti igi bẹ́ẹ̀, ìwé àṣẹ LASPARK, iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń mójú tó igi àti ọgbà, wà tí à ń gbà. Ó gbà fún mi pé kí igi dúró, kí èmi náà gbà fún un pé kí a da kọnkéré sí gbogbo ẹ̀yìnkùlé kí ìjókòó àlejò lè dúró dáadáa. Inú mi dùn. Mo rò pé mo ti gba igi Màámi là. Èmi ni mo dúró ti bíríkìlà títí kọnkéré fi kan ìtì igi yí ká, èmi ni mo sì ń di ewé sínú àpò fún àwọn PSP tó ń kó pàǹtí láti kó lọ.

Òjò oṣù Kẹfà tó tẹ̀lé e kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Omi wọ pálọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, omi kò wọ pálọ̀ wa rí. Ilẹ̀ tó ń mu ún tẹ́lẹ̀, a ti dí i lẹ́nu. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn dé, ewé igi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ní àìtọ́jọ́, ẹ̀ka orí ń gbẹ bọ̀ wá sísàlẹ̀, èso tó jáde kò dàgbà kó tó bọ́. Ọjà kò mọ̀ pé Màámi kò wá, ṣùgbọ́n igi mọ̀.

Mo lọ pe bàbá kan tó ń ta ọ̀gbìn lẹ́bàá títì ní Yábàá. Ó dé, kò tilẹ̀ gbójú sókè wo ewé. Ilẹ̀ ló ń wò. Ó bi mí pé, "Ta ló ń gbálẹ̀ ibí yìí tẹ́lẹ̀?"

N kò lè dá a lóhùn fún ìgbà díẹ̀.

Ó ṣàlàyé pé èyí tó pọ̀ jù nínú gbòǹgbò tó ń bọ́ igi, àwọn tó tín-ín-rín bí òwú, ìtòsí òkè ilẹ̀ ni wọ́n wà, wọn kì í lọ jìn, wọ́n sì máa ń tàn kọjá ibi tí òjìji ẹ̀ka dé. Wọ́n ń mí. Afẹ́fẹ́ àti omi òjò ló ń gba àárín erùpẹ̀ wọlé tọ̀ wọ́n, ewé tó jẹrà ni oúnjẹ wọn. Kọnkéré ti bo gbogbo rẹ̀. Mo bi í nípa àyè àtẹ́lẹwọ́ tí Màámi máa ń fi sílẹ̀. Ó ní bí ewé tútù bá fara ti ìtì, èèpo igi á jẹrà, kòkòrò á sì gba ibẹ̀ wọlé. Màámi kò ka ìwé kankan nípa igi. Wọ́n kàn ti wò ó pẹ́.

Àwa àti bọ̀dá mi la jọ fọ́ kọnkéré náà, bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ yí igi ká. Nígbà tí a sún mọ́ gbòǹgbò, a fi dígà sílẹ̀, a fi òòlù àti ìrin kékeré ṣe é, ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Bọ̀dá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọjọ́ kẹta ló sọ fún mi pé òun kò tíì sunkún láti ọjọ́ tí Màámi ti kú, eruku sì wà lójú rẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. A gé ẹ̀ka tó ti kú láìgé wọ ara ìtì. Nígbà ọyẹ́, mo máa ń rọra da kẹ́ẹ̀gì omi méjì síbẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ewé sì padà sí ìdí rẹ̀.

Bí òkú bá ṣẹ̀ ní ilé yín, ẹ má fọwọ́ kan ilé olóògbé fún ọdún kan. Èrò tèmi nìyẹn, n kò sì ní yí i padà. Ọ̀fọ̀ a máa mú kí ọwọ́ yá jù. Bí ẹ bá sì gbọ́dọ̀ da kọnkéré, ẹ ṣẹ́ ilẹ̀ kù fún òjò, pàápàá ní Èkó yìí tí ọ̀sà yí wa ká. Nígbàkigbà tí mo bá gba òpópónà Breadfruit kọjá ní Erékùṣù Èkó, mo máa ń rò ó pé igi ni àwọn tó ṣáájú wa fi sọ ibẹ̀ lórúkọ.

Lọ́dún yìí, agbálùmọ̀ mọ́kàndínlógójì ló bọ́. Mo kà wọ́n. Kóró rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń tọ́jú pamọ́ títí á fi gbẹ, nítorí náà ọ̀sẹ̀ tí a jẹ wọ́n náà ni mo ri mẹ́fà sínú ọ̀rá erùpẹ̀. Mẹ́rin ló hù. Bọ̀dá mi ti gbé ọ̀kan lọ sí Ìkòròdú. Ó pè mí lánàá, ó ní ṣé àtẹ́lẹwọ́ òun ni kí òun fi wọn àyè náà ni, tàbí ti ọmọ òun.