Six Plug Jáde, Four Plug Wọlé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yọ ẹ́ńjìnì kékeré kẹ́ ẹ lè fi ńlá sí mọ́tò, ẹ kú fàájì o. Èmi, ńlá ni mo yọ, kékeré ni mo fi dípò ẹ̀.

Camry Big Daddy ni mọ́tò náà, ti 2002, six plug, ìyẹn ẹ́ńjìnì oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà, lítà mẹ́ta. Bàbá mi ló lò ó kó tó kàn mí, ohùn ẹ́ńjìnì yẹn sì máa ń dùn mọ́ wọn débi pé tí wọ́n bá délé tán, wọn ò ní tètè pa á, wọ́n á jókòó sínú ẹ̀ máa gbọ́ ọ. Ọdún tó kọjá ló nọ́ọ̀kì. Nígbà tí mẹkáníìkì mi ṣí òkè ẹ̀, ọ́ílì inú ẹ̀ ti ki bí ọ̀dà. Èmi ni mo fà á jàre, ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé ọ̀la ni màá pààrọ̀ ọ́ílì. Mo lè ra six plug míì o, àmọ́ epo tí lítà ẹ̀ ò tó 200 náírà kí wọ́n tó yọ subsidy ní May 2023 ti kọjá 1,000 kí 2024 tó parí, mi ò sì rí ẹni tó máa bá mi bọ́ plọ́ọ̀gì mẹ́fà, ni mo bá ní four plug ni màá fi sí i.

Mẹkáníìkì mi ti kìlọ̀ fún mi kí n má lọ ra ẹ́ńjìnì nìkan, torí ihò bóòtù four plug àti ti six plug ò bára mu, gíá bọ́ọ̀sì tó wà nílẹ̀ ò lè gbà á, nítorí náà ẹ́ńjìnì, gíá bọ́ọ̀sì, wáyà àti brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, gbogbo ẹ̀ la máa rà pọ̀, kó sì jẹ́ ara mọ́tò kan náà ni wọ́n ti tú u.

A dé Ládípọ̀ ní Múṣin. Ẹ́ńjìnì àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé síwájú wa ń dán yinrin, wọ́n ti fi dísù fọ̀ ọ́. Mẹkáníìkì mi ò tiẹ̀ wo iwájú ẹ̀. Ó tan iná fóònù, ó lọ sẹ́yìn níbi tí head, ìyẹn orí ẹ́ńjìnì, ti jókòó lé block, ìyẹn ara ẹ̀, ó na ìka síbẹ̀, ó ha á. Nǹkan pupa kan ló bá èékánná ẹ̀ jáde, ó ti gbẹ táútáú bí iyọ̀. Kúláǹtì ni, omi tó ń mú ẹ́ńjìnì tutù. Àìsàn 2AZ, ẹ́ńjìnì four plug tá a wá rà, nìyẹn, alumíníọ̀mù ni block ẹ̀, tó bá pẹ́, ojú bóòtù tó di head mú á yọ̀, omi á máa jò lẹ́yìn lọ́hùn-ún níbi tójú ò tó, kó o tó mọ̀, ẹ́ńjìnì ti gbóná kọjá ààlà. Ẹni tó ń tà á ní òjò ló pa á. Òjò pupa! A rẹ́rìn-ín, a kọjá. Ìkẹta la rà.

Gbígbé e wọlé ò le, ọjọ́ méjì péré lábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú chain block. A ra engine seat míì, a ra shaft míì, wẹ́dà gé sàlẹ́ńsà ó tún un jó. Ọ̀dọ̀ rìwáyà la ti rí nǹkan. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi so wáyà, a wá sítáàtì ẹ̀, ó gbaná, ká tó pariwo ó ti kú. A tún sítáàtì ẹ̀, ó kú. Wọ́n yẹ pọ́ǹpù epo wò, wọ́n yẹ plọ́ọ̀gì wò, àṣé brain box tuntun yẹn ni ò dá kọ́kọ́rọ́ mi mọ̀, olè ló pè mí nínú mọ́tò ara mi! Bọ̀ọ̀dá kan tó ní láptọ́ọ̀pù ló wá fojú brain box àti kọ́kọ́rọ́ mọra.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ rìsíìtì Ládípọ̀ yín nù o, ẹ ó nílò ẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí nọ́ńbà ẹ́ńjìnì inú ìwé mọ́tò, nítorí ọlọ́pàá tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ṣé epo wá dín kù? Ó dín kù, àmọ́ kò di ìdajì o, lójú ọ̀nà tó já gaara ìyàtọ̀ ẹ̀ ò tó nǹkan, inú go-slow ni mo ti ń rí i. Tírélà tí mo kàn máa ń tẹ̀ ẹ́ tí mo fi máa ń já sílẹ̀ lórí òkè nígbà kan, mo máa ń kọ́kọ́ gbàdúrà báyìí.

Sátidé tó kọjá mo gbé e lọ kí bàbá mi l'Ábẹ́òkúta. Mi ò tíì sọ fún wọn. Wọ́n jáde síta, wọn ò tiẹ̀ dá mi lóhùn ìkíni, iwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n lọ dúró sí, wọ́n dẹ etí.

"Kí ló ṣe é? Àbí òtútù mú un ni?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká wọlé ná, sà."