Ta Ló Tà Á Fún Ta?
Igbá fínfín ni iṣẹ́ bàbá mi ní Ọ̀yọ́. Bí igbá bá ti kúrò lọ́wọ́ wọn, ó tán nìyẹn.

Lálẹ́ àná, mo ń tọpasẹ̀ ukhurhe, ọ̀pá tí àwọn Ìbíní máa ń gbé sórí pẹpẹ baba ńlá wọn, lórí Digital Benin, àkójọ iṣẹ́ ọnà Ìbíní lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó wà níbẹ̀ lé ní 5,000 (dátà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán!). Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ́dún 1897, nígbà tí wọ́n ṣígun bá Ọba Ovonramwen ti Ìbíní. Oníṣòwò kan, Webster, ra díẹ̀, ó tún un tà fún Pitt-Rivers, Gẹ̀ẹ́sì kan tó máa ń kó ohun àtijọ́ jọ.

Mo fi fóònù han bàbá. Wọ́n wò ó títí.

"Èló ni wọ́n fún ẹni tó gbẹ́ ẹ?"