Ẹ̀bẹ̀ tí mo jẹ Màmá

Sátidé, aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá díẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ti mú iná lọ, fóònù mi ò ju 20% lọ mọ́, ṣùgbọ́n tí mi ò bá kọ eléyìí sílẹ̀ lónìí mi ò ní lè sùn.

Apá ń ro mí, ìbàdí ń ro mí, orúnkún mi méjèèjì ti pọ́n nítorí orí táìsì la kúnlẹ̀ sí látàárọ̀ tá à ń tẹ àyà ọmọláńgidi. Kì í ṣe èyí tọ́mọdé fi ń ṣeré o, èyí tó tóbi tó èèyàn ni, kò lẹ́sẹ̀, láti ìbàdí sókè ni wọ́n ṣe é mọ, tó o bá tẹ àyà ẹ̀ jìn dáadáa á dún "kẹ́", tí ò bá jìn tó ńṣe ló máa dákẹ́ tí á máa wò ẹ́. Mi ò tíì rí ẹni tó lójú tó báyẹn rí.

Láísẹ́ńsì ló gbé mi débẹ̀. Àwa nọ́ọ̀sì, ọdún 3 3 la máa ń tún tiwa ṣe, wọn ò sì ní tún un ṣe fún ẹ tó ò bá ní ẹ̀rí pé o lọ kóòsì láàárín ọdún 3 yẹn, èyí tá à ń pè ní MCPDP. Ìyẹn lọ́tọ̀, káàdì BLS (ẹ̀rí pé o mọ bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀mí ẹni tí ọkàn ẹ̀ dúró tàbí tí ò lè mí là) tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ àwa tá a wà ní ẹmẹ́jẹ́ǹsì náà lọ́tọ̀, ọdún 2 péré nìyẹn ń lò, ọjọ́ tèmi sì ti kọjá. Mo ti ń sọ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, títí mátíróònì fi pè mí sí kọ̀rọ̀ pé, "Sister, káàdì yín ńkọ́?"

Kí n má parọ́, ọ̀nà àbùjá ni mo kọ́kọ́ fẹ́ gbà. Ẹnì kan ti fún mi ní nọ́ńbà kan, pé tí mo bá ti fowó ránṣẹ́ wọ́n á fi satífíkéètì sí WhatsApp mi kílẹ̀ tó ṣú, mi ò tiẹ̀ ní dìde nílé. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Àti pé ta ni mo fẹ́ bá wí, mo ti lọ èyí tó fẹ́ẹ̀ jọ ọ́ rí, a jókòó látàárọ̀ dọ́sàn-án, ẹnì kan ń ka slide sí wa létí bí ẹni ń ka ìròyìn, a jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù, a ya fọ́tò, a gbàwé, a relé, ohun kan ṣoṣo tí mo rántí níbẹ̀ ni pé ẹran wọn le.

Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà ló dá mi lẹ́kun. Áńbúláǹsì lòun ń bá lọ níbẹ̀, EMT ni wọ́n ń pe irú wọn, ọdún 2 2 lòun náà ń tún ìwé ẹ̀ ṣe lọ́dọ̀ National Registry, àjọ tó ń fún wọn níwèé ẹ̀rí, wákàtí 40 ló gbọ́dọ̀ fi kẹ́kọ̀ọ́ kó tó pé ọdún 2 yẹn: 20 jẹ́ ohun tí gbogbo wọn jọ ń kọ́, 10 jẹ́ ohun tí ìpínlẹ̀ tàbí ibi iṣẹ́ wọn bá ní kí wọ́n kọ́, 10 tó kù, ohun tó bá ṣáà wù ú nínú iṣẹ́ náà. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ni gbèdéke wọn, tọ́jọ́ yẹn bá lọ tí ò tíì pé, wàhálà dé nìyẹn. Mo sọ ti satífíkéètì WhatsApp fún un, mo rò pé á bá mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ìwé lẹ fẹ́ tún ṣe ni àbí ọwọ́ yín?" Ẹ gbọ́, ọmọ tí mo pọ̀n!

Ni mo bá wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí kóòsì láàárọ̀ yìí ní Òkè-Fíà, níbí ní Òṣogbo, ó já mi sí Ọláìyá, mo fẹsẹ̀ rin ìyókù.

Olùkọ́ wa, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kì í pariwo. Ó ní kí kálukú kọ́kọ́ ṣe bó ṣe máa ń ṣe é. Èmi ni mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀, mo sì kúnlẹ̀ bí ọ̀gá, ọdún 14 kì í ṣe ọjọ́ 14. Mo mọ gbogbo ẹ̀ lórí: kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5, kó má ju 6 lọ, 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, tó o bá tẹ̀ ẹ́ 30 kó o fún un léèémí 2. Kẹ́, kẹ́, kẹ́, ó ń dún, inú mi ń dùn. Olùkọ́ tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ ọwọ́ mi, ó ní, "Màdáámù, ẹ ń fara tì í." Mo ní báwo? Ó ní, "Ẹ ń tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ ò jẹ́ kó dìde. Ẹ ń gúnyán ẹ ò gbọ́mọ odó sókè." Ó ní ìgbà tí àyà bá padà sókè tán pátápátá ni ẹ̀jẹ̀ ń ráyè wọ inú ọkàn, tí ò bá wọbẹ̀, kí ni mo fẹ́ tẹ̀ jáde? (Ọ̀rọ̀ iyán yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe déédéé ṣá, nítorí ọmọ odó máa ń kúrò lára iyán, ọwọ́ tiwa ò gbọdọ̀ kúrò láyà. Ṣùgbọ́n ó yé mi.)

Ó ní kí n máa tẹ ọmọláńgidi náà títí mo fi ṣe é bó ṣe fẹ́, ó tó ìgbà mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ti lọ. Láti ìgbà wo ni mo ti ń fara ti àyà àwọn èèyàn? Kò sẹ́ni tó máa ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọwọ́ mi ní wáàdì, gbogbo wa là ń sáré. Bàbá ọlọ́kadà kan wá sí mi lọ́kàn, mo tẹ̀ ẹ́ títí òógùn mi fi ń kán sí i lára, kò dìde. Ó ṣeé ṣe kó má dìde náà bó ti wù kí n ṣe é tó. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi, mo wá lọ mu pure water.

Ọ̀sán ló wá kó bá mi gan-an. Orí nǹkan tó há lọ́fun la wà, olùkọ́ ní ìlànà tuntun ti AHA, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkàn ní Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 2025 ti yí i padà, pé àgbàlagbà tí nǹkan há lọ́fun tí ò lè mí tí ò lè sọ̀rọ̀, ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ síwájú, kẹ́ ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́yìn láàárín èjìká méjèèjì lẹ́ẹ̀marùn-ún, lẹ́yìn náà lẹ ẹ̀ wá dì mọ́ ọn látẹ̀yìn kẹ́ ẹ fà á níkùn lókè ìdodo lẹ́ẹ̀marùn-ún, 5 sí 5, títí yóò fi jáde tàbí títí yóò fi dákú, tó bá dákú CPR ló kàn, ìyẹn títẹ àyà àti fífún un léèémí. Ọmọ jòjòló, kò sí fífà níkùn ní tiwọn, àyà ni. Tónítọ̀hún bá ṣì lè wúkọ́, ẹ fi í sílẹ̀ kó wúkọ́.

Mo ní, "Ẹ̀yìn kẹ̀?"

Fífà níkùn yìí nìkan ni wọ́n kọ́ àwa fún àgbàlagbà, ti Dókítà Heimlich, tó ti wà láti 1974. Wọ́n tiẹ̀ kìlọ̀ fún wa pé ká má gbá a lẹ́yìn, pé á tún lọ há síwájú sí i. Olùkọ́ ní àwọn ará Yúróòpù ò fi ti ẹ̀yìn sílẹ̀ ní tiwọn, 5 sí 5 ni wọ́n ti ń kọ́ èèyàn látọjọ́ yìí. Àwọn yòókù ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi, ojú ìyá ọkọ mi ni mò ń rí.

Ọdún 4 sẹ́yìn ni, níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Òkè-Báálẹ̀. Ṣàkì há àbúrò ọkọ mi lọ́fun, ojú ẹ̀ yọ, ó ń dì mọ́ ọrùn. Màmá ló súnmọ́ ọn jù. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ síwájú lórí àga, wọ́n ń gbá a lẹ́yìn, pá, pá. Èmi nọ́ọ̀sì ṣá fò dìde, mo ti ọwọ́ Màmá dànù lójú gbogbo mọ̀lẹ́bí, mo ní, "Màmá, ẹ fi í sílẹ̀! Ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?" Mo fà á níkùn lẹ́ẹ̀mẹrin, ṣàkì fò bọ́ sórí tábìlì. Ariwo sọ, wọ́n ń kí mi, ẹnì kan tiẹ̀ náwó fún mi. Màmá jókòó, wọn ò sọ nǹkan kan. Látìgbà yẹn, tí nǹkan bá ṣe ẹnikẹ́ni nílé yẹn, ìbáà jẹ́ ìka ló bó, wọ́n á ní, "Ẹ má fọwọ́ kàn án o, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì dé."

Mo máa ń rò pé àwàdà ni.

Ohun tó ń dùn mí ni pé kì í ṣe èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ débẹ̀. Olùkọ́ ń sọ pé ká ní kẹ́nì kan pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹnu ọ̀nà wa ní ẹmẹ́jẹ́ǹsì, kẹ̀kẹ́ ló ń gbé wọn wá, ọ̀kadà, mọ́tò ẹ̀gbọ́n wọn. Irú Màmá ló ti wà pẹ̀lú wọn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Èmi tí mo ní láísẹ́ńsì wá sọ fẹ́ni tó wà níbẹ̀ pé kó má fọwọ́ kan nǹkan.

Wọ́n fún wa níwèé ẹ̀rí ní aago mẹ́rin. Mi ò relé, Òkè-Báálẹ̀ ni mo gbà lọ. Màmá wà níwájú ilé, wọ́n ń ṣa ewédú. Mo kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ti bó yẹn.

"Ìyàwó mi, kí ló dé? Ta ló kú?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú, mo wá bẹ̀ wọ́n ni, lórí ọ̀rọ̀ ṣàkì. Wọ́n ṣe bí ẹni tí ò rántí. Wọ́n rántí. Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀, ìwé tuntun, ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀marùn-ún, ìkùn lẹ́ẹ̀marùn-ún. Wọ́n ń ṣa ewédú lọ. Wọ́n wá ní, "Àwọn òyìnbó ló sọ bẹ́ẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ìyá tó bí mi ò dé ọ̀dọ̀ wọn rí o."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fi ibi tó yẹ hàn wọ́n. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀, wọ́n wá dìde, mo bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbá mi lẹ́yìn. Màmá ẹni ọdún 71! Omijé fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú mi, mi ò mọ̀ bóyá gbogbo ẹ̀ ni ti kóòsì àbí ti ọdún 4 sẹ́yìn wà níbẹ̀.

"Àtàrí ńkọ́? A máa ń gbá wọn látàrí náà."

"Àtàrí kọ́, Màmá. Omi náà kọ́, ẹ má fún un lómi, ẹ má ní kó fi òkèlè tì í."

"Ehn-ehn. Ó dáa, ìgbà wo ni wọ́n tún máa yí i padà?"

Mo ní ọdún 5 5 ni ìlànà tuntun ńlá máa ń jáde, mo ka 2015, 2020, 2025 sí wọn létí. Wọ́n ń fi ìka ṣírò nǹkan kan.

"Tí wọ́n bá ti yí i, kó o wá sọ fún mi ṣáájú kó o tó jágbe mọ́ mi."

Wọ́n ro àmàlà fún mi. Wọ́n gbé ẹja sórí ẹ̀, wọ́n fi ìka tú u wò, wọ́n yọ egungun ńlá àárín ẹ̀ kúrò, wọ́n wá jókòó tì mí títí mo fi jẹun tán.