Ìbàdàn gbóná, ṣùgbọ́n òtútù ń mú ẹran lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ wa

Ọdún kẹta tí mo di dókítà ẹran ní Ìbàdàn ni màmá àgbà kan gbé ológbò rẹ̀ wá, pé kí n bá òun yọ ilé ọmọ rẹ̀ kí ó má baà bímọ mọ́. Ológbò náà fi díẹ̀ lé ní kílò 2. Oṣù Ẹrẹ́nà ni, oòrùn mú gan-an, a sì ti tan ẹ̀rọ amúlétutù yàrá iṣẹ́ abẹ sílẹ̀ láti àárọ̀ kí òógùn ojú mi má baà kán sínú ọgbẹ́. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó parí láàárín ìṣẹ́jú 40 gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 90, nítorí okùn tí mo fi so iṣan ẹ̀jẹ̀ kan yọ, mo sì ní láti la ojú abẹ náà sí i kí n tó rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Mo rán an tán, mo dúpẹ́, mo tẹ́ ẹ sórí irin pẹlẹbẹ inú àgò, mo ń retí kí ó jí.

Wákàtí kan kọjá, kò gbórí. Mo fọwọ́ kan etí rẹ̀, ó tutù bí ara àmù. Mo ki tẹmómítà sí i nídìí, 33.4 ni mo rí, bẹ́ẹ̀ ológbò tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá kì í sábà wà nísàlẹ̀ 38 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Ọ̀gá mi wọlé, ó wò ó, kò pariwo lé mi lórí, ó kàn bi mí pé: “Mélòó ni ara rẹ̀ wà kí o tó fún un lóògùn oorun?” N kò mọ̀. “Nígbà tí o dé àárín iṣẹ́ ńkọ́?” N kò mọ ìyẹn náà. A kò wọ̀n ọ́n rárá.

Màmá náà ti ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà. “Dókítà, ẹ dákun, ṣé ó ṣì ń mí?” Mo ní, “Ó ń mí, Mà, òtútù ni ó mú un.” Kí n tó sọ̀rọ̀ mìíràn, ó ti jókòó, ó ti tú ìpèlé èjìká rẹ̀. “Ẹ gbé e fún mi. Bí a ti ń ṣe ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé nìyí.” Ó gbé e lé àyà, ó fi ìpèlé bò ó. Àwa náà rọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ike méjì, a fi aṣọ ìnura wé wọn dáadáa, a fi wọ́n há a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nǹkan bí aago 9 alẹ́, ara ológbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, ó ké. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé òótọ́ ni ooru ìlú wa ń tàn wá jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò máa wá òtútù ní ibi tí kò sí. Ẹran tí ojú rẹ̀ là a máa fi ooru pamọ́ sí àárín ara, níbi tí ọkàn, ẹ̀dọ̀ àti ìfun wà, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ a sì máa fún pọ̀ bí ara bá ti fura sí òtútù. Oògùn oorun ń tú àwọn iṣan wọ̀nyí sílẹ̀, acepromazine tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń rọ ajá lójú kí a tó bẹ̀rẹ̀ sì wà lára àwọn tí ń ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ gbígbóná yóò tú jáde lọ sí awọ àti ẹsẹ̀, èyí tí ó tutù yóò sì padà sínú. Ọpọlọ tí ó yẹ kí ó pàṣẹ fún ara pé kí ó gbọ̀n ti sùn. Ìdí nìyí tí ooru ara fi ń já wálẹ̀ jù lọ ní wákàtí àkọ́kọ́, nígbà mìíràn kí abẹ tilẹ̀ tó kan awọ. Lẹ́yìn náà ni tábìlì irin, afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́, omi tí a fi wẹ ara rẹ̀ àti ikùn tí a là sílẹ̀ máa ń kó ìyókù lọ. Ẹran kékeré ni ó ń jìyà rẹ̀ jù, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ gbígbóná inú ife ṣe ń tètè tutù ju èyí tí ó ṣẹ́kù sínú ìkòkò.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ìgbádùn ara lásán ni. Nígbà tí ara bá tutù, ẹ̀dọ̀ a máa falẹ̀ láti pa oògùn run, ẹ̀jẹ̀ kì í tètè dì, kòkòrò àrùn a sì tètè ráàyè wọ ojú ọgbẹ́. Èyí tí mo rí i pé a máa ń gbàgbé ni pé ẹran tí ó tutù kò nílò oògùn oorun tó èyí tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́, nítorí náà ìwọ̀n tí ó bá a mu ní aago 10 lè ti pọ̀ jù fún un ní aago 11, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹ̀rọ tí ń fún un ní oògùn náà. Ọkàn rẹ̀ náà yóò máa lù díẹ̀díẹ̀, atropine, oògùn tí a fi ń mú kí ọkàn yára lù, kì í sì í sábà ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ lórí irú ọkàn bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ẹni tí ó ń gún un léraléra, nígbà tí ó jẹ́ pé kúbùsù ni ẹran náà ń fẹ́.

Ohun tí mo wá ń ṣe báyìí bẹ̀rẹ̀ kí oògùn tó wọ ara. Mo máa ń fi ẹran sínú páálí tí a tẹ́ kúbùsù sí, pẹ̀lú ike omi tí a wé, fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, nítorí bí awọ àti ẹsẹ̀ bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́ ṣáájú, ẹ̀jẹ̀ tí ó tú jáde lọ síbẹ̀ kò ní pàdánù ooru púpọ̀. Fóòmù àti aṣọ tó nípọn ni mo ń tẹ́ sórí tábìlì irin. Ìbọ̀sẹ̀ ọmọ ọwọ́ ni mo ń wọ̀ fún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì ń ṣiṣẹ́ ju bí ènìyàn ṣe lè rò. Irun tí a nílò láti fá nìkan ni kí a fá. Sípíríìtì ń gba ooru lọ bí ó ṣe ń gbẹ, nítorí náà díẹ̀ ni mo ń lò, n kì í sì í jẹ́ kí ó ṣàn lọ sí ẹ̀yìn ẹran. A kì í tan ẹ̀rọ amúlétutù títí a ó fi da aṣọ iṣẹ́ abẹ bò ó. Òógùn ojú mi, nọ́ọ̀sì ni yóò máa nù ún.

Ní ti dírípù tí a gbé sínú omi gbígbóná, n kò gbára lé e mọ́. Bí omi náà bá ń kán díẹ̀díẹ̀ gba inú rọ́bà gígùn, yóò ti tutù kí ó tó dé ara. Omi iyọ̀ tí a fi ń ṣan inú ikùn ni ó yẹ kí a mójú tó, kí ó lọ́wọ́ọ́wọ́ bí ara ẹran gan-an. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 10, nọ́ọ̀sì ń ka ìwọ̀n ìgbóná sókè, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá sọ pé 37, a ti ń wá kúbùsù kejì. A kì í dúró dìgbà tí yóò di 35.

Ṣùgbọ́n ooru náà lè ṣe ìkà. Ọdún kan lẹ́yìn ológbò yẹn, nínú ìtara mi, mo ti ike omi gbígbóná mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọmọ ajá kan láìwé e dáadáa. Ó jí, ó lọ sílé láyọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti dúdú, ó le bí awọ ìlù, ó ti ń ká kúrò létí, ọgbẹ́ náà sì gbà wá ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ó tó jinná. Ẹran tí ó sùn kò lè yí ara rẹ̀ kúrò, ẹ̀jẹ̀ awọ rẹ̀ kò sì lágbára láti gbé ooru náà lọ. Bí ike náà bá gbóná jù fún inú ọrùn ọwọ́ mi, kò gbọ́dọ̀ kan ẹran. Bí ó bá sì ti tutù, kíá ni a ń yọ ọ́, nítorí òun náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fa ooru ẹran mọ́ra. A ní ẹní tí ń fi iná mànàmáná móoru nísinsìnyí, ṣùgbọ́n mo ṣì ń pọn omi gbígbóná sínú fúláàsì méjì ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ ìgbà tí iná yóò lọ.

Lẹ́yìn tí a bá rán an tán, a ń nù ún gbẹ, a sì ń móoru fún un títí yóò fi kọjá 37.5. Ibẹ̀ ni a ti ń dá a dúró, kí ara rẹ̀ má baà gbóná jù. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín pé kí ni wọn yóò wọ̀ lọ sílé. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kadà, pàápàá lásìkò ọyẹ́, n kì í jẹ́ kí wọ́n gbé e jáde láìjẹ́ pé ó wà nínú páálí tí a bò lórí, pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ tí a fi wé e dé ọrùn.