Oògùn Tí Kì í Jẹ́ Kí Ẹ̀jẹ̀ Dì, àti Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Tó Ṣáájú Iná Ọkàn

Tí dókítà bá ní ọkàn ń lù ségesège, pé AF (atrial fibrillation) ni, tó sì fẹ́ fi iná mànàmáná dá a padà sí bó ṣe yẹ kó máa lù, oògùn ló kọ́kọ́ ń kọ fúnni. "Ẹ lo èyí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ má fo ọjọ́ kan." Èèyàn á délé, á ṣí ìwé pélébé inú páálí, á ka ẹ̀jẹ̀ nímú, ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, ẹ̀jẹ̀ nínú ọpọlọ, àyà á já. Ẹlòmíràn á wá máa ṣọ́ oògùn lò: á lo tàárọ̀, á fi talẹ́ sílẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà ṣàn jù. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọkàn ní yàrá mẹ́rin, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Bí AF bá dé, àwọn yàrá òkè kì í fún ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa mọ́, ńṣe ni wọ́n kàn ń gbọ̀n. Àpò kékeré kan so mọ́ yàrá òkè tọwọ́ òsì, ó ní kọ̀rọ̀ bí àpò agbádá. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń dúró sójú kan, ẹ̀jẹ̀ tó bá sì dúró sójú kan kì í pẹ́ dì. Bí iná bá wá mú kí ọkàn padà máa fún ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ, agbára yẹn lè ta ẹ̀jẹ̀ dídì náà jáde, kó gba ọrùn lọ sínú ọpọlọ. Rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Ìdí tí wọ́n fi ń béèrè ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko nìyí lọ́wọ́ ẹni tí AF rẹ̀ ti kọjá wákàtí 48, tàbí tí kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn iná, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló tún kù, torí ara yàrá òkè náà kì í tètè yá, kódà bí ìlù ọkàn bá ti tò. Ìgbà yìí làwọn kan máa ń gbé oògùn jù sílẹ̀, tí wọ́n á ní ṣebí ọkàn ti ń lù dáadáa. Ẹni tó ti dàgbà, tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, tàbí tí rọpárọsẹ̀ ti kọ lù rí, lè máa bá oògùn náà lọ títí ayé.

Warfarin ni àgbà nínú àwọn oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Oògùn eku ni wọ́n kọ́kọ́ tà á fún ní Amẹ́ríkà, kó tó di pé wọ́n ń fún èèyàn láwọn ọdún 1950. Ìwọ̀n ló yàtọ̀, ẹ má torí ẹ̀ sá. Kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ rí fítámìn K lò láti fi ṣe àwọn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó ń tó nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún kó tó rinlẹ̀, torí náà òǹkà ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ gbé hóró àkọ́kọ́ mì. Ìgbà tí àyẹ̀wò INR, èyí tó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì hàn, bá wọ àárín 2.0 sí 3.0 ló tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ọ̀sẹ̀ kìíní bá jẹ́ 2.4, tí ìkejì jẹ́ 2.6, tí ìkẹta wá já sí 1.7, wọ́n lè sún ọjọ́ iná síwájú kí wọ́n sì tún òǹkà bẹ̀rẹ̀. Bó bá kọjá 4, ewu kí ẹ̀jẹ̀ máa dà ti ń ga nìyẹn. Kí ilé ìwòsàn bá yín tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe, ẹ má ṣe é fúnra yín.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń béèrè jù. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ugwu, ewédú, gbogbo wọn ló ní fítámìn K. Ẹ má jáwọ́ nínú ẹ̀fọ́. Àyípadà òjijì ló ń da INR rú: ẹni tó ń jẹ ẹ̀fọ́ rírò lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tó dédé fi í sílẹ̀, tirẹ̀ á gòkè, ẹni tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún omi ugwu àti mílíìkì mu láràárọ̀ torí pé "ó ń fúnni lẹ́jẹ̀", tirẹ̀ á já wálẹ̀. Iye tí ẹ ń jẹ tẹ́lẹ̀, ẹ máa jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wo àwọ̀ hóró yẹn dáadáa. Ní Ìlú Ọba, funfun ni 0.5 mg, àwọ̀ búráùn ni 1 mg, búlúù ni 3 mg, píǹkì ni 5 mg. Ní Amẹ́ríkà, píǹkì ni 1 mg. Bí ọmọ tó wà ní London àti èyí tó wà ní Houston bá jọ ń fi oògùn ránṣẹ́ sí Màmá n'Ìbàdàn, "hóró píǹkì kan" lè di ìlọ́po márùn-ún láìsí ẹni tó fura. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára hóró ni kí ẹ kà, kí ẹ sì ṣọ́ àmì ìdá tó wà láàárín 0 àti 5.

Àwọn oògùn tuntun kò ní INR, ẹ̀fọ́ ò sì kàn wọ́n, àmọ́ wọ́n á yẹ kíndìnrín wò kí wọ́n tó mọ ìwọ̀n tó tọ́. Apixaban 5 mg ni wọ́n sábà ń lò lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Rivaroxaban 20 mg, ẹ̀ẹ̀kan ni, pẹ̀lú oúnjẹ gidi. Tíì nìkan kì í ṣe oúnjẹ, inú òfìfo kì í jẹ́ kó wọ ara tó. Dabigatran máa ń fa àyà títa, kí ẹ fi omi kún ife gbé e mì, ẹ má tú kápúsù rẹ̀ sínú ẹ̀kọ, ohun tó máa wọ ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ jù. Ẹni tí wọ́n fi fáàfù irin (ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá) sí lọ́kàn, tàbí tí fáàfù rẹ̀ há gan-an nítorí àìsàn rheumatic tó ṣe é léwe, warfarin ṣì ni tirẹ̀.

Oògùn tuntun kì í pẹ́ lára, ìdí nìyẹn tí hóró kan tí ẹ fò fi ń já sí nǹkan. Bó bá jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, tí ẹ rántí kí wákàtí mẹ́fà tó kọjá, ẹ lò ó. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ dúró de tìgbà tó kàn. Fún ẹlẹ́ẹ̀kan, wákàtí 12 ni. Ẹ má lo méjì pa pọ̀ láé.

Ní tèmi, tí wọ́n bá béèrè ohun tó ń sọ oògùn yìí di ewu lọ́dọ̀ tiwa, kẹ́mísì àdúgbò ni màá kọ́kọ́ nawọ́ sí. Diclofenac àti ibuprofen fún orúnkún máa ń ha inú, ojú ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti máa ń dà. Aspirin ló wà nínú Alabukun. Flagyl àti Septrin tí a ń rà fún inú rírun kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ tètè palẹ̀ warfarin mọ́, láàárín ọjọ́ díẹ̀ INR á fò sókè. Ẹ má gba abẹ́rẹ́ ìdí, ẹ̀jẹ̀ lè kó sínú ẹran ara níbẹ̀, kó le bí òkúta. Fún ìrora, paracetamol ló sàn jù. Ẹni tó ń lo warfarin tó sì ń lo paracetamol lójoojúmọ́ kó sọ fún ilé ìwòsàn. Àgbo àti paraga, ẹ jẹ́ kó dúró ná, kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó wà nínú ìgò yẹn. Aspirin tí dókítà fúnra rẹ̀ kọ nítorí stent (páìpù kékeré tí wọ́n fi la iṣan ọkàn) yàtọ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó fi sílẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní ìdí eyín lẹ́yìn búrọ́ọ̀ṣì, tàbí ojú ibì kan tó dúdú lápá tí ẹ ò mọ ibi tí ẹ ti fi gbá nǹkan, ìyẹn kì í ṣe ìdí láti jáwọ́. Ẹ ra búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀. Bí imú bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ jókòó, ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ fún ibi rírọ̀ imú pọ̀, nísàlẹ̀ eegun, kí ẹ máa fi ẹnu mí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójú aago, ẹ má yọjú wò ó láàárín. Gbígbé orí sókè tí wọ́n kọ́ wa ní kékeré ń da ẹ̀jẹ̀ náà sọ́nà ọ̀fun ni, èèyàn á gbé e mì, á sì bì í. Bí kò bá dá lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ilé ìwòsàn ló kàn.

Àwọn tí kò ní ká dúró: ìgbẹ́ tó dúdú, tó ń fà bí ọ̀dà títì, tó sì ń rùn lọ́nà àrà (oògùn irin náà ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ bí ẹ bá ń lò ó), ìtọ̀ pupa, èébì tó dà bí gàárì kọfí, nǹkan oṣù tó ń rin páàdì kan láàárín wákàtí kan, orí fífọ́ òjijì tí ẹ ò ní irú rẹ̀ rí. Bí ẹ bá ṣubú lórí ọ̀kadà tí orí gbá nǹkan, ẹ lọ, bí kò tilẹ̀ sí ojú ọgbẹ́.

"Wọ́n ní kéèyàn dá oògùn ẹ̀jẹ̀ dúró kó tó ṣe iṣẹ́ abẹ." Ó rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn iṣẹ́ abẹ kan. Ní ti iná ọkàn, kò sí ọ̀bẹ níbẹ̀: wọ́n á kun yín lóorun díẹ̀, wọ́n á lẹ páàdì méjì mọ́ ara, iná á wọlé, ó parí. Wọ́n fẹ́ kí oògùn wà lára ni. Ẹ má jẹun fún wákàtí mẹ́fà, ṣùgbọ́n ẹ fi omi díẹ̀ gbé hóró àárọ̀ mì, àyàfi bí wọ́n bá sọ nǹkan mìíràn fún yín.

Nọ́ọ̀sì á béèrè pé ṣé ẹ fo oògùn kankan. Ẹ sọ ọjọ́ náà gan-an. Wọ́n lè sún un síwájú, wọ́n sì lè ti ẹ̀rọ ayàwòrán gba ọ̀nà ọ̀fun láti wo àpò kékeré yẹn láti ẹ̀yìn ọkàn. Bó bá mọ́, iná lè wáyé lọ́jọ́ náà. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá wà níbẹ̀, ẹ ó padà sílé pẹ̀lú páálí oògùn tuntun, òǹkà á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan.